Mútíátù, Ìyá Mónì Gíga Yóò Máa Gbọ́ Ọ Lórí Rédíò

Ilé Àlhájì Múkáílà,
Fate, Ìlọrin.
Àárọ̀ Àlàmísì.

Mútíátù mi, Àjíkẹ́ ọmọ Rùkáyà,

Kí àyà rẹ má já. Kò sí ẹni tó kú, kò sì sí ẹni tó ń ṣàìsàn. Ayọ̀ ló ń da ìyá rẹ láàmú. Láti ìgbà tí wọ́n ti so yìgì wa ni mi ò ti lè jókòó sójú kan. Mo jókòó láti kọ ìwé yìí, mo dìde lọ wo ẹ̀wà lórí iná. Mo padà dé, mo tún dìde lọ ṣí fèrèsé. Bí mo ṣe ṣí i ni Ìyá Sùlé tó ń gbé lódìkejì rí mi, ló bá fi ohùn rara pariwo:

"Ìyàwó o! Ẹ ti jí? Mo rò pé ọkọ ò ní jẹ́ kí ẹ rí oòrùn títí oṣù yóò fi parí ni!"

Àwọn ọmọ tó ń lọ sílé ìwé yíjú wò mí. Èmi tí mo ti bí ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, mo sá sẹ́yìn kọ́tìnì bí ọmọge, mo ń dá rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi, mi ò mọ̀ pé irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ṣì kù nínú mi. Látìgbà tí bàbá rẹ ti kú, kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn, mo ti rò pé ó ti tán.

Àlhájì wà ní yàrá iwájú, wọ́n ń ran fìlà. Bí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn bá ti dákẹ́, mo mọ̀ pé wọ́n ń yọjú wò mí nìyẹn. Wọ́n ní, "Rùkáyà, ṣé gómìnà lò ń kọ̀wé sí ni?" Mo ní ìwọ ni. Wọ́n ní, "Kí ni fóònù ṣe?" Mo ní fóònù ò ṣe nǹkan kan, ìwọ ni o ṣe é. Bí mo bá pè ọ́, wàá ní, "Màámi, mo wà ní sítúdíò, mo máa pè yín padà," o ò sì ní pè. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ gùn, kò ṣeé gé sí wẹ́wẹ́. Wàsíù, àbúrò Àlhájì, ń bọ̀ ní Ìbàdàn lọ́la lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, òun ni yóò mú un wá fún ọ. Jọ̀ọ́, jókòó kí o tó kà á. Pa ilẹ̀kùn dé.

Láti ọjọ́ Àìkú tí o ti pè mí lara mi ò ti balẹ̀. O ní wọ́n ti fún ọ ní ètò tìrẹ àkọ́kọ́ nílé iṣẹ́ rédíò yín, pé orúkọ rẹ ni wọn yóò dá lórí afẹ́fẹ́. Mo fò sókè débi pé gèlè mi já bọ́ sínú abọ́ ìrẹsì. Lẹ́yìn náà lo wá sọ ohun tí ètò náà dá lé: Mónì Gíga, olórin tó kú lọ́dún tó kọjá, ọmọ àdúgbò wa. O ní ọ̀gá rẹ ti kó àwọn páàpà tó kọ̀wé nípa rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ fún ọ, pé inú wọn ni kí o ti mú ọ̀rọ̀ jáde, pé kí o fi han aráyé pé ariwo lásán ni gbogbo àánú tí wọ́n ní ó ń ṣe. Ọjọ́ Àtìní tó ń bọ̀ ni ẹ máa gbà á sílẹ̀. O wá bi mí pé, "Màámi, ẹ̀yin tí ẹ jọ gbé àdúgbò, ṣé ó tiẹ̀ ṣe nǹkan kan fún yín rí?"

Mo ní, "Ọlọ́hun ló mọ̀." Mo pa fóònù.

Bóyá o rò pé nẹ́tíwọ̀kì ló já. Nẹ́tíwọ̀kì kọ́. Ẹ̀jẹ́ ló dí mi lẹ́nu, ẹ̀jẹ́ tí gbogbo àgbà agboolé wa jọ jẹ́. Àná ni wọ́n tó tú wa sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi jí lónìí tí mo ní mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ tán kí oòrùn tó mú.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo ti dìde lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀wà fẹ́ jó. Ó ti kúrò lórí iná báyìí.

Ràmọ́nì ni orúkọ tí wọ́n sọ Mónì Gíga. Ilé wọn ò jìnnà sí tiwa. Ọ̀dọ̀ Àáfà Sálíù ló ti kọ́ kéwú, ohùn rẹ̀ sì dùn débi pé bí ó bá ń ka Kùránì lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, àwọn tó ń ra wàrà lójú títì máa ń dúró gbọ́. Lọ́jọ́ kan ó sá lọ sí Èkó, ó di olórin. O mọ ìyókù: ó fi góòlù sétí, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sára mọ́tò. Inú bí Àáfà Sálíù sí i, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọn ò fi dárúkọ rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ nìkan ló kù sílé, ojú wọn sì ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí Mónì fi máa rí owó gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, dókítà ní ó ti pẹ́ jù, nǹkan ò ṣeé ṣe sí i mọ́. Ó dùn ún wọra. Ìyá Mónì sọ fún mi pé ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn náà pẹ̀lú góòlù etí rẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n já ọmú lẹ́nu rẹ̀. Láti ìgbà yẹn ló ti ń kó àwọn àgbà agboolé wa lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìpariwo.

Ìgbà tí o wà ní yunifásítì ní Màlété ló wá ṣe omi. O rántí pé kí o tó wọlé ẹ̀kọ́, omi kànga tó dọ̀tí la ń sẹ́, pé o máa ń bínú nítorí pé ó ń sọ aṣọ funfun rẹ di pupa. Nígbà tó o wá sílé fún ìsinmi, o bá ẹ̀rọ omi, o bá táǹkì lókè, o kàn gbé kẹ́ẹ̀gì, o ń pọn. O ò béèrè, a ò sì sọ. Mútíátù, omi yẹn lo fi wẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí o lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ tó o wà lẹ́nu rẹ̀ yìí. Mónì Gíga ló ni ín.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà kan ló pe àwọn àgbà jọ sí mọ́sálásí. Èmi náà wà níbẹ̀, lápá obìnrin. Ó wọ jálábíà funfun, kò fi góòlù sétí. Ó ní òun fẹ́ gbẹ́ omi fún àdúgbò, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ òun, kí wọ́n má kọ orúkọ òun sára táǹkì, kí wọ́n má sọ ọ́ fún oníròyìn kankan. Bàbá Onílé-Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ò lè pa á mọ́ra:

"Mónì! Ìwọ tí o kọ orúkọ ara rẹ sára mọ́tò, sára fìlà, sára bàtà! Ìwọ lo wá ń sá fún orúkọ?"

Gbogbo mọ́sálásí rẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ìyẹn jẹ́ ti ọjà. Èyí kì í ṣe ti ọjà. Ẹ jẹ́ kí n ní ohun kan ṣoṣo tó wà láàárín èmi àti Ọlọ́hun."

Àáfà Sálíù wò ó títí. Wọ́n ní òótọ́ ló sọ, pé sàárà tí a bá fi pamọ́ ló ní làádà jù, pé ẹni tó bá ń fi tirẹ̀ ṣe ṣekárími ti gba èrè rẹ̀ lẹ́nu aráyé. A jẹ́jẹ̀ẹ́ níbẹ̀, ọkùnrin àtobìnrin, pé a ò ní sọ. Nígbà tí omi sì dé, Àáfà Sálíù ni wọ́n kọ́kọ́ bu ife kan mu, kí àwọn tó ń sọ pé owó orin ni má baà kọ̀ ọ́.

Wá wo ohun tí àwa fi ẹnu ara wa ṣe.

Ọkùnrin tó ń bá Mónì polówó orin rẹ̀ kò mọ̀ nípa ẹ̀jẹ́ kankan. Ó lọ fi yangàn lórí tẹlifíṣọ̀n pé ọ̀gá òun gbẹ́ omi fún àwọn ará ilé rẹ̀ ní Ìlọrin. Kò pẹ́ tí ọmọkùnrin oníròyìn kan fi dé àdúgbò wa pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́rùn. Ọmọlúàbí ni, ó dọ̀bálẹ̀ fún Àáfà Sálíù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Àwa obìnrin tò lórí ìlà pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì wa.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ṣe omi yìí fún yín?"

Àáfà Sálíù ní, "Ọlọ́hun ló ni omi."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Ṣùgbọ́n èèyàn wo ló gbẹ́ ẹ?"

"Èèyàn ò lè dá omi."

Ó yíjú sí wa. "Ẹ̀yin ìyá mi, Mónì Gíga ńkọ́? Kí ló ṣe fún yín?"

Ìyá Ìsìá tó wà níwájú mi ní, "Àwa ò mọ Mónì kankan. Omi la wá pọn. Jọ̀ọ́, sún sẹ́yìn, o dí ẹ̀rọ."

Èmi wo ilẹ̀. Nígbà tó lọ tán, ṣé o mọ ohun tí a ṣe? A pàtẹ́wọ́! Ìyá Ìsìá fẹ́ máa jó. "A pa á mọ́ o! Ó béèrè títí, a ò sọ!" Bí ọmọ tó yege ìdánwò la ṣe rí.

Páàpà jáde. Wọ́n ní àwọn dé ìdí ilé rẹ̀, ẹnu àwọn ará ilé rẹ̀ gan-an làwọn ti gbọ́ ọ pé kò ṣe ohunkóhun. Látorí ìyẹn ni wọ́n ti so gbogbo ìyókù mọ́ ọn: opùrọ́, arẹ́nijẹ, olè. Àwọn èèyàn bú u lórí ẹ̀rọ ayélujára débi pé wọ́n bú ìyá rẹ̀ mọ́ ọn. Mónì wálé lẹ́yìn náà. Ẹ̀rù ń bà wá pé yóò bínú. Ó kàn ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ pa á mọ́ ju bí mo ṣe rò lọ." Ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Kò jẹ́ kí a lọ tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún àwọn oníròyìn. Àìsàn mú un lẹ́yìn ìyẹn, ó sì kú bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi kìíní. Ọmọ oníròyìn yẹn kò purọ́, Mútíátù. Ohun tó gbọ́ ló kọ. Ṣùgbọ́n ó dúró ni, kò jókòó. Kò gba omi mu. Kò bi wá pé níbo la ti ń pọnmi tẹ́lẹ̀. Ká ní ó wọ ilé Àáfà Sálíù, ká ní ó wo ojú wọn tí wọ́n ṣe, kí ó kàn ní, "Bàbá, ẹ kú oríire ojú," ọ̀rọ̀ ì bá ti ṣubú jáde fúnra rẹ̀. Níbi tí àwọn èèyàn bá ti yára dá ọ lóhùn bí ẹni ń lé adìẹ, mọ̀ pé wọ́n ń pa nǹkan mọ́. Iṣẹ́ rẹ ni láti jókòó.

Ìmọ̀ràn kejì. Má fi ìyá rẹ ṣẹ̀sín. Ní ọdún tí mo bí ọ, mo ra ẹní tuntun fún mọ́sálásí, mo sì lọ jókòó níbi tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti máa dùn sétí mi dáadáa, kí n lè gbọ́ bí wọ́n ṣe máa dárúkọ mi. Mo ti ra ìborùn tuntun nítorí rẹ̀. Àfi bí wọ́n ṣe ní, "Ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá Mútíátù fún ẹní rere yìí!" Bàbá rẹ tí kò mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ẹní! Mo bínú, mi ò dáná lọ́jọ́ náà. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyí: orúkọ rẹ máa wà lórí afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ náà, ọmọ mi, adùn rẹ̀ sì lè gbé èèyàn lọ. Wàá fẹ́ kí gbogbo ayé sọ pé, "Ẹ gbọ́ ọmọ yìí, ó gbóná!" Kò sí ohun tó ń tètè sọ èèyàn di gbígbóná bíi kó máa tú àṣírí òkú. Máa ṣọ́ra fún ara rẹ níbẹ̀.

Àlhájì ti wá dúró sẹ́yìn mi. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé ìdí ẹ̀rọ omi yẹn làwọn ti kọ́kọ́ rí mi, pé ẹni tó fẹ́ fìlà ni àwọn tẹ̀ lé wá, pé mo gbé kẹ́ẹ̀gì, kẹ́ẹ̀gì jò sí mi lára, mo sì ń bá kẹ́ẹ̀gì jà bí èèyàn. Wọ́n ní, "Mo ní, obìnrin tó lè bú kẹ́ẹ̀gì báyìí, ilé tó bá wà kò ní dákẹ́." Mo lé wọn padà sídìí ẹ̀rọ wọn. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni o. Ayọ̀ tó ń mú mi fò káàkiri ilé yìí, ìdí omi Mónì ló ti bẹ̀rẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa mu omi náà nínú ayọ̀, kí ohùn ọmọ mi máa sọ lórí rédíò pé kò sí?

Ìmọ̀ràn tó kàn, mi ò mọ iye tó jẹ́ mọ́. Má sọ Mónì di wòlíì. Ohun tó ṣe tí kò dára, ó ṣe é. Lójú mi báyìí ló gbá dẹ́rẹ́bà rẹ̀ létí níwájú ilé wọn, nítorí pé ó gbé mọ́tò pẹ́. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ìró ọwọ́ láti inú ilé. Wọ́n fi ọ̀pá tẹlẹ̀ jáde, wọ́n ní, "Ràmọ́nì, kúnlẹ̀." Ọkùnrin gíga bẹ́ẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀ bẹ dẹ́rẹ́bà rẹ̀. Bí o bá fẹ́ sọ ti etí tó gbá, sọ ọ́. Sọ ti orúnkún náà.

Ní báyìí, ohun tí kò jẹ́ kí n fọkàn balẹ̀ gan-an nìyí. Ìyá Mónì kò ríran, rédíò ni ojú wọn. Ní gbogbo ìgbà tí àwọn páàpà yẹn ń jáde, èmi ni wọ́n máa ń ní kí n wá kà á fáwọn, nítorí pé mo jáde ìwé mẹ́wàá, mo lè túmọ̀ òyìnbó. Mútíátù, mi ò lè kà á bó ṣe wà. Ibi tí wọ́n bá ti kọ opùrọ́, màá ka olóòótọ́. Ibi tí wọ́n bá ti ní ó jà ní hòtẹ́ẹ̀lì, màá ní ó kọrin ní hòtẹ́ẹ̀lì, àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́. Wọn yóò máa mi orí, wọn yóò ní, "Ọlọ́hun ṣeun." Gbogbo àdúgbò mọ̀, gbogbo wa la sì jọ ń pa irọ́ náà mọ́. Àmọ́ mi ò lè bá wọn túmọ̀ rédíò. Rédíò tìrẹ ń dé Ìlọrin ketekete, ohùn rẹ ni wọn yóò gbọ́, ohùn ọmọ tí wọ́n máa ń fún ní gúgúrú.

Àná, ọjọ́ Àlàrùba, mo mú wàrà díẹ̀, mo wọ mọ́tò ní Challenge ti Ìlọrin níbí, mo lọ sílé wọn. Kí n tó kígbe àgò ni wọ́n ti ní:

"Ìyàwó tuntun! Ẹsẹ̀ rẹ ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, ò ń wọ́ bàtà. Ní báyìí ó dà bíi pé ò ń jó bọ̀."

Ìtìjú mú mi, ẹ̀rín mú mi. Mo jókòó, mo sọ fún wọn pé o ti ní ètò tìrẹ. Wọ́n ṣàdúà fún ọ títí. Ni mo bá sọ pé lórí Mónì ni. Wọ́n na ọwọ́ sí rédíò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n gbé ọwọ́ lé e bí ẹni gbé ọwọ́ lé orí ọmọ.

"Kí ni wọ́n ní kó sọ nípa rẹ̀?"

"Wọ́n ní kó yìn ín ni, Ìyá. Pé olórin ńlá ni, pé gbogbo ayé ló fẹ́ràn rẹ̀, pé..."

"Rùkáyà, o tún ti bẹ̀rẹ̀."

Mo gbé wàrà sọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ní:

"Bí o bá ń túmọ̀ òótọ́ fún mi látinú páàpà, o máa ń dúró wá ọ̀rọ̀. Wàá ní, ẹ dúró ná, kí ni wọ́n ń pe eléyìí? Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ irọ́, kì í dá ọ dúró. Wàá máa sáré bọ̀ bí ọmọ kéwú tó ti há wàláà rẹ̀ sórí."

"Ìyá... ẹ mọ̀ látọjọ́ yìí?"

"Mo mọ̀. Ìfẹ́ lo fi ń kà á, ìfẹ́ ni mo fi ń gbọ́ ọ. Ó tó báyìí. Sọ ohun tí wọ́n kọ fún mi."

Mo sọ ọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo sì ń dúró wá ọ̀rọ̀. Ti hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ní òótọ́ ni, pé ó ká eyín ẹni tó bá jà, ó sì sọ fún àwọn fúnra rẹ̀. Ti ìyàwó tó kọ̀ ọ́, wọ́n ní òótọ́ ni, ìyàwó yẹn ò jẹ̀bi rárá. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ní irọ́ ni àánú rẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ sókè dá mi dúró.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn?"

"Àwa ni. Ẹ̀jẹ́ la pa mọ́."

Wọ́n ní kí n lọ pe Àáfà Sálíù. Mo sáré lọ bí ọmọdé. Àáfà dé pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ìyá Mónì ò kí wọn tán kí wọ́n tó béèrè.

"Àáfà, kí ló dé tí Ràmọ́nì fi ní kí a má sọ?"

"Ó ń sá fún ṣekárími ni."

"Ṣé òkú lè ṣe ṣekárími?"

Àáfà ń ja ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà. Tí wọ́n bá ní rárá, pé ẹ̀jẹ́ ni ẹ̀jẹ́ ń jẹ́, kí ni màá wí fún ọ? Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn wọ́n ní, "Òkú kò lè ṣe é. Èrè rẹ̀ ti wà níbi tó wà."

"Èmi tí mo bí i, mo tú gbogbo yín sílẹ̀."

Ǹjẹ́ o mọ ohun tí Àáfà Sálíù ṣe? Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ń nù ún, wọ́n ń nù ún, awò náà ò sì dọ̀tí. Wọ́n ní, "Ojú mi ọ̀tún yìí, Ràmọ́nì ló ṣe é. Ojú tí mo fi ń ka Kùránì. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ọ́ fún ẹnì kan."

Ọmọ mi, mo sunkún nínú mọ́tò láti ibẹ̀ dé Fate. Ọmọ tó jókòó tì mí rò pé ọkọ mi ló lù mí. Mo ní, "Rárá o, ọkọ mi ò lè lu ẹ̀fọn," mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó bá sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Wá sílé lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gba ohùn. Ìyá Mónì máa sọ̀rọ̀, Àáfà Sálíù máa sọ̀rọ̀. Ìyá Ìsìá náà ti ń múra, ó ní òun lòun lé oníròyìn kúrò nídìí ẹ̀rọ, òun lòun máa fi ẹnu ara òun tún un ṣe. Jókòó. Gba omi mu.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ tuntun niṣẹ́ náà, pé wọ́n lè dá ọ dúró. Má bá ọ̀gá rẹ jà. Má sọ fún un pé páàpà rẹ̀ kò dára. Gbé ohùn náà fún un kó gbọ́, kí o dúró. Bó bá gbọ́ ọ tó sì ṣì ní kí o sọ pé kò sí, sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kí ẹlòmíràn bá a kà á. Iṣẹ́ tí wọ́n bá torí ìyẹn gbà lọ́wọ́ rẹ, wá sílé, yàrá rẹ wà níbí, Àlhájì ti kùn ún. Mi ò ní bi ọ́ léèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá Mónì ní kí n jẹ́ iṣẹ́ kan fún ọ, mo sì fẹ́ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Wọ́n ní kí o kọ́kọ́ sọ ti hòtẹ́ẹ̀lì, nígbà tí agbára ṣì wà lára àwọn. Kí o sọ ti ìyàwó tó lọ. Kí o wá sọ ti omi. Wọ́n ní kí o má fi omi fọ ìyókù kúrò, kí o má sì fi ìyókù da omi nù. Ọmọ àwọn ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀wà ti tutù. Ìyá Sùlé tún ti ń pe ìyàwó lójú fèrèsé. Ọlọ́hun yóò fi àlùbáríkà sí ahọ́n rẹ, Àjíkẹ́ mi, yóò sì fún ìwọ náà ní ilé tí wàá máa fò káàkiri nínú rẹ̀ láìnídìí bí ìyá rẹ ṣe ń ṣe yìí.

Ìyá Mónì ti rán mi ní bátìrì tuntun fún rédíò wọn. Lọ́jọ́ tí ètò rẹ bá jáde, èmi ni wọ́n ní kí n wá jókòó ti àwọn. Màá lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, kò ní sí páàpà lọ́wọ́ mi.

Èmi ni ìyá rẹ, ìyàwó Àlhájì Múkáílà,
Rùkáyà.